“Change”: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹpẹtẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Nínú oko kan lẹ́bàá Ikpinlè, ní agbègbè Adja-Ouèrè, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan bọ́ lẹ́nu wa, ó sì fọ́.

Àwọn obìnrin àgbẹ̀ ibẹ̀ fún wa ní ìwé pélébé kan tí ẹnìkan mú wá láti Nàìjíríà, wọ́n ní kí á kà á fún àwọn. Ohun tí a kọ sí i ni “Change your seed”. Lójú àwa tí a fi Faransé kàwé, “change” kì í ṣe àjèjì: ṣebí “changer” náà ni? Láti inú Faransé àtijọ́ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ní: “Ẹ yí irúgbìn yín padà.” Ìyá àgbà kan wo àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ wa, a ti yí i padà láàárọ̀ yìí.” Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé kí wọ́n fi irúgbìn tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ká ní ìyá yẹn kò fèsì ni, a ó ti ka ìwé tán, a ó ti máa lọ, irúgbìn àtijọ́ ni wọn ì bá sì gbìn.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ènìyàn “change” aṣọ, àwa ní ó pààrọ̀ aṣọ. Bí ó bá jẹ́ èrò ọkàn, a ní ó yí èrò padà. Bí ó bá jẹ́ náírà sí sẹ́fà, a ní ó ṣẹ́ owó. Bí ilẹ̀ bá “change hands”, kò sí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ níbẹ̀: ilẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn ni. Owó tí ọlọ́jà dá padà fún wa náà, “change” ni. Òun ni àwọn tó ń ná ọjà Nàìjíríà ń pè ní ṣéńjì, tí Faransé sì ń pè ní “monnaie”.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní àìtó Yorùbá ló fà á tí a fi nílò ọ̀rọ̀ márùn-ún níbi tí ẹyọ kan ti tó Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbà. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Yorùbá ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà gan-an.

Àwọn olóṣèlú mọ ìwúlò àpò yẹn. Ní 2006, “changement” ni Thomas Boni Yayi fi polongo ìbò ní Benin. Ní 2008, “change” ni Obama fi polongo ní Amẹ́ríkà. Ní 2015, òun náà ni ẹgbẹ́ APC fi wọlé ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ bóyá pípààrọ̀ ni tàbí yíyí padà. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó pààrọ̀ olórí lè má tíì yí ìlú padà. Ọ̀rọ̀ pọ́nna dùn lẹ́nu olóṣèlú. Lẹ́nu ògbufọ̀, ewu ni.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí á jáwọ́ nínú kíkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú ọ̀rọ̀ àjèjì nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Kí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀, láti oko, láti ọjà, láti inú ilé. Kí á tó fi ìtumọ̀ síta, kí á kà á fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì bi í pé: kí ni ẹ ó ṣe lọ́la?

Nígbà tí a tún un sọ pé “Ẹ pààrọ̀ irúgbìn yín”, ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Ta ni yóò fún wa ní tuntun?” Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kò sì lè bi í títí a fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.