Ilẹ̀ Kì í Ṣe Ògiri

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà tí òjò bá rọ̀ tó sì dá, níbo ni omi rẹ̀ ń lọ? Díẹ̀ a ṣàn lọ sínú odò. Oòrùn a fa díẹ̀ gbẹ. Èyí tó kù a wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí omi bá ti wọlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó wọlẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń rìn, ohun tó bá sì pàdé lọ́nà ni ó ń kó dání.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ kànga tàbí ṣálángá láì kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Kí onílé kan má sì dá a ṣe láì fi ọ̀rọ̀ lọ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tọ ipasẹ̀ omi

Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ ń wo abẹ́ ilẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò lè rí i. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1674, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Perrault ṣírò òjò tó ń rọ̀ ní ọdún kan sí ilẹ̀ tí odò Seine ti ṣẹ̀ wá. Ó fi wé omi tó ń ṣàn nínú odò náà. Ó rí i pé omi òjò tó nǹkan bí ìlọ́po 6 omi odò. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà pé òjò nìkan tó láti bọ́ odò. Ìṣírò Perrault fi hàn pé ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Nítòsí wa, ní agbègbè Djougou ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí odò Ouémé ti ṣẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Benin àti Faransé ti ń wọn omi láti àwọn ọdún 1990. Wọ́n ń fi ohun èlò gba òjò láti mọ bó ti pọ̀ tó. Wọ́n ń sọ okùn ìwọ̀n sínú kànga láti mọ ibi tí omi wà. Wọ́n ri igi tí wọ́n fín nọ́ńbà sí mọ́ inú odò. Wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ti tutù tó ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Wọ́n tún ń wọn omi tí igi ń fà láti gbòǹgbò lọ sí ewé.

Kí ni wọ́n rí? Apá tó pọ̀ jù nínú òjò ló ń padà sí ojú ọ̀run, láti ara ilẹ̀ àti láti ara ewé. Lẹ́bàá odò Donga, tó ń ṣàn wọ inú Ouémé, wọ́n fi ohun tó wà nínú omi odò wé ohun tó wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n rí i pé omi tí kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ló ń bọ́ odò náà jù, kì í ṣe omi ìsàlẹ̀ jíjìn. Èyí kọ́ wa pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀.

Yanrìn àti amọ̀

Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ mú agolo 2, kí ẹ lu ihò sí ìdí wọn. Ẹ bu yanrìn sí ọ̀kan, ẹ bu amọ̀ sí èkejì. Ẹ da ife omi kọ̀ọ̀kan sí wọn. Omi yóò tètè jáde lábẹ́ yanrìn. Ti amọ̀ yóò pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ rí. Àwọn àdúgbò Lomé tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, orí yanrìn ni wọ́n wà. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, omi ti yọ. Ní òdìkejì ọ̀sà, lápá àríwá, ilẹ̀ pupa ló wà, kànga ibẹ̀ sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú amọ̀, omi ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn a sì kú kó tó dé ibi tó ń lọ. Nínú yanrìn, kòkòrò lè dé inú kànga láàyè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854 yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Àrùn onígbá-méjì pa ènìyàn tó lé ní 600 ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Soho. Dókítà John Snow wádìí ilé àwọn tó kú, ó rí i pé omi kànga kan ní òpópónà Broad ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu. Ní ọdún 1855, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n rí kòtò ìdọ̀tí ilé kan tí kò tó mítà 1 sí kànga náà. Bíríkì rẹ̀ ti jẹrà. Inú kòtò yẹn ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ọmọ ọwọ́ kan tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Kò sí ẹni tó fẹ́ pa aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀ ló gbé e lọ.

Odi ń dá ojú dúró, kò lè dá omi dúró

Àwọn kan yóò sọ pé, "Omi kànga wa mọ́ gaara, ó sì tutù. Àwọn bàbá wa mu ún, kò ṣe wọ́n." Ẹ jọ̀ọ́, omi tó mọ́ lójú lè ní àrùn nínú. Nígbà àwọn bàbá wa, ilé kò sún mọ́ra báyìí. Lónìí ní Lomé, ilẹ̀ ìkọ́lé kan sábà máa ń jẹ́ 20 mítà ní ìbú àti 30 mítà ní gígùn. Inú rẹ̀ ni ilé, kànga àti ṣálángá wà. Ṣálángá aládùúgbò sì wà ní ẹ̀yìn odi. Odi ń dá ojú dúró, kò lè dá omi dúró.

Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga àti ṣálángá jìnnà síra tó 30 mítà. Èyí tó nǹkan bí 40 ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Kí ìdí ṣálángá sì fi mítà 1 àbọ̀, ó kéré tán, ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kéékèèké kò lè rí 30 mítà yìí àfi bí òun àti aládùúgbò bá fohùn ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ kànga kì í ṣe ọ̀rọ̀ agboolé kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní abúlé, yálà ní ọ̀nà Tsévié, ní Atakpamé, tàbí ní Kétu àti Ṣábẹ ní Benin, ilẹ̀ ṣì gbà yín. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilé bá fún pọ̀. Ìsinsìnyí ni kí ẹ jókòó, kí ẹ pín ibi tí kànga yóò wà àti ibi tí ṣálángá yóò wà.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin náà lè wọn omi, nítorí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ sínú kànga lọ́sẹ̀ kan sí ìkejì. Ẹ wọn ibi tí okùn gbẹ dé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó mọ oṣù tí omi ń ga jù. Omi oṣù yẹn ni kí ẹ fi ṣírò jíjìn ṣálángá, kì í ṣe ti ọ̀gbẹlẹ̀. Níbi tí omi bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, ẹ má gbẹ́ kòtò jíjìn. Ẹ mọ ṣálángá náà ga lórí ilẹ̀.

Ẹ gbẹ́ kànga sí ibi tó ga, kí ṣálángá wà ní ìsàlẹ̀, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń ṣàn láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ mọ ẹnu kànga ga, kí ẹ sì bò ó. Ẹ má kó ìgbẹ́ ẹran tàbí ajílẹ̀ jọ sí ẹ̀bá rẹ̀. Nínú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ ni náítíréètì ti ń jáde, tó ń bá omi wọlẹ̀. Bí ẹ bá se omi kó hó, kòkòrò yóò kú, ṣùgbọ́n náítíréètì kò ní kúrò níbẹ̀. Ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí a dà sílẹ̀ lónìí ń bọ̀ wá bá wa nínú kànga. Kí ẹ tó pe agbẹ́kànga, ẹ kọ́kọ́ pe aládùúgbò yín, kí ẹ jọ ka 40 ìṣísẹ̀ náà.