Ó Yẹ Kí Ògùrọ̀ Ejìnrìn Ní Orúkọ Lábẹ́ Òfin

Ní 1756, ìjọba ilẹ̀ Pọtogí pààlà sí àfonífojì odò Douro, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin àjàrà ìbílẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n gbẹ́ ní ìpele-ìpele. Ohun tó fà á ni pé àwọn oníṣòwò ń fi omi èso igi mìíràn pọ́n wáìnì, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lójú àwọn ará Ìlú Ọba tó ń rà á. Wọ́n ri òpó òkúta mọ́ ààlà, wọ́n ní kí wọ́n fa igi ọ̀hún tu. Ejìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò ní òkè. Àbàtà etí ọ̀sà ló ní, igi ògùrọ̀ sì ni àjàrà tirẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bu omi àti súgà sí ẹmu àti ẹni tó dá ojúlówó, iye kan náà ni wọ́n ń tà á lójú títì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ògùrọ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀: nígbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó ni adẹ́mu ń dá ọ̀mùnú rẹ̀, ẹmu á ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi á sì kú. Ta ló máa gbin òmíràn bí òótọ́ kò bá mówó wá?

Òfin Àmì Òwò Nàìjíríà ti 1965 fàyè gba àmì ìjẹ́rìí, tí ẹgbẹ́ tí kò fúnra rẹ̀ ta ọjà náà lè gbà, kó sì fi ìlànà lé e. Kí ìlànà Ejìnrìn jẹ́ pé ẹni tó bá dá igi kan gbọ́dọ̀ ti gbin òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà òyìnbó nìyí, ata Penja ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù gba irú ààbò bẹ́ẹ̀ ní 2013. Wọ́n á ní ẹmu kì í pẹ́ kó tó kan. Òótọ́ ni, ooru tó ń jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò sì ń yí adùn rẹ̀ padà; nítorí náà, ẹmu tútù ọjọ́ náà ni kí orúkọ yìí wà fún. Àtakò àwọn ẹlẹ́sìn tún wà, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, àmọ́ àmì yìí kò fipá mú ẹnì kan mu. Ikú tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní 2015 nítorí ògógóró tó ní májèlé ló wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọtí líle lọ̀ràn yẹn, kì í ṣe ẹmu, ṣùgbọ́n èmi rí ẹ̀rí tèmi nínú rẹ̀: ọtí tí kò ní orísun tó hàn ló rọrùn fún májèlé láti wọ̀. Ohun tí àmì kò lè ṣe ni pé kó bá àwọn tó ń fi iyanrìn dí àbàtà láti gé e ní pulọ́ọ̀tì du owó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló lè yọ àbàtà ògùrọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, kó tó di pé igi tí a fẹ́ sọ lórúkọ tán.