Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, òwe yẹn sì bá ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mu gan-an ni. Kámẹ́rà ì báà máa dán bíi dígí, ojú tó fi ń ríran, ìyẹn lẹ́ǹsì, ló máa sọ bí fọ́tò ṣe máa rí. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó tún ń wá kámẹ́rà onífíìmù kiri láyé tí fóònù ti gba ìgboro kan yìí. Kódà, lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ Leica ní Jámánì tún gbé kámẹ́rà M6 tí wọ́n ti pa tì látọjọ́ pípẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n owó tuntun yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ tálákà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré lọ sídìí tòkunbọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jìn sí kòtò.

Kámẹ́rà tí mò ń sọ lónìí lèyí tí wọ́n ń pè ní rangefinder. Kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé ohun tí lẹ́ǹsì bá rí lẹ̀yin náà máa rí. Fèrèsé kékeré kan lẹ máa yọjú wò, ẹ ó rí nǹkan ní méjì-méjì bí ẹni tí ọtí ń pa, ẹ ó wá máa yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan. Irin kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tó ń fara kan ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, òun ló ń sọ fún fèrèsé pé ibi báyìí ni lẹ́ǹsì dé. Bí irin yẹn àti lẹ́ǹsì ò bá gbọ́ ara wọn yé, fèrèsé á ní kò síṣòro, fíìmù á sì máa gba ìranù sára. Ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi fọ fíìmù náà. Ìsọmọlórúkọ ti parí nígbà yẹn, ìyá àgbà tẹ́ ẹ yà ti padà sábúlé, ó sì lè má wà láyé mọ́, ojú rẹ̀ nínú fọ́tò wá ń ṣe bàìbàì. Ta lẹ fẹ́ẹ́ bẹ̀ pé kó padà wá jókòó? Òun ló jẹ́ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì yìí kọjá ọ̀rọ̀ fàájì.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ni ẹnu kámẹ́rà yín. Ọdún 1925 ni Leica kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà síta, nígbà tó sì di 1932, wọ́n ṣe Leica II tó ní rangefinder nínú. Ṣe lẹ máa ń yí lẹ́ǹsì rẹ̀ wọlé bí ìdérí ìgò, ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 39. Ayé tẹ̀ lé wọn: FED ní Kharkiv ní Ukraine, Zorki ní Rọ́ṣíà, Canon ní Japan, gbogbo wọn ló ṣe kámẹ́rà tó ní irú ẹnu yẹn. Lọ́dún 1954 ni Leica wá ṣe M3, ẹnu ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún ìyẹn. Lẹ́ǹsì àtijọ́ onímílímítà 39 lè wọ M3 bẹ́ ẹ bá ra òrùka kékeré kan sí i, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì M ò lè wọ kámẹ́rà àtijọ́ yẹn láéláé. Contax, Kiev àti Nikon S náà ní ẹnu tiwọn lọ́tọ̀, ẹ má kó wọn pọ̀ o.

Ọ̀fìn ńlá kan tún wà níbẹ̀. Kámẹ́rà Zenit àkọ́kọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe, kì í ṣe rangefinder rárá, ṣùgbọ́n mílímítà 39 ni ẹnu tiẹ̀ náà. Lẹ́ǹsì rẹ̀ á wọ Zorki yín wẹ́rẹ́, ẹ ó tiẹ̀ ró pé ẹ rí ọjà ọ̀pọ̀ rà. Irọ́ ni! Kò lè bá irin inú kámẹ́rà sọ̀rọ̀, jíjìnnà tó yẹ kó jìnnà sí fíìmù sì yàtọ̀. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn náà lè wọ ibẹ̀. Pé ó wọlé kò ní kó ṣiṣẹ́. Ẹ máa bi ẹni tó ń tà á pé, ṣé ti rangefinder ni àbí ti Zenit? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ yín, Jupiter-8 tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Mílímítà 50 ni, f/2 sì ni ihò rẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ Zeiss ti Jámánì ni wọ́n wò ṣe é. Orí Zorki tàbí FED ló ti mọ ilé rẹ̀ jù. Bẹ́ ẹ bá gbé e sórí Leica, ẹ ṣọ́ra, ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti Leica. Bẹ́ ẹ bá ń ya ohun tó jìnnà, ẹ lè má rí ìyàtọ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ya ojú èèyàn nítòsí pẹ̀lú ihò tó ṣí gbayawu, etí lè mọ́ kedere kí ojú má mọ́. Àwọn oníjìbìtì sì wà tó ń ha orúkọ Leica sára FED àti Zorki, tí wọ́n á tún kọ Elmar sára lẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí orúkọ má tàn yín jẹ.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Mílímítà 50 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà 50, 90 àti 135 ló wà nínú fèrèsé M3. Ẹni tó bá fẹ́ 35 lórí rẹ̀ ní láti ra fèrèsé mìíràn gbé sórí, tàbí kó wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tó wọ awò sójú bíi tíṣà. M2 ló ní ìlà 35 nínú. Henri Cartier-Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé nídìí Leica, 50 yìí náà ló fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi f/1.5 ko yín láyà. Nínú oòrùn tiwa yìí, f/3.5 pàápàá tó jẹun.

Bẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ́wọ́, ẹ yọ ìdérí iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ ṣí ihò rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó rí bí òwú aláǹtakùn, èbu ni, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Bó bá ṣú bíi kùrukùrù, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú lè nù ún, ṣùgbọ́n ó lè ti jẹ dígí náà wọnú. Eruku díẹ̀ ò pa á lára. Dígí tó ha lẹ́yìn burú ju èyí tó ha níwájú lọ. Ẹ yí i lọ yí i bọ̀, kò gbọdọ̀ le koko, kò sì gbọdọ̀ máa mì.

Ọ̀rọ̀ èbu yìí kàn wá ju àwọn ará Jámánì lọ, nítorí ọ̀rinrin tó wà lójú ọjọ́ wa, pàápàá lásìkò òjò. Àpò awọ tó bá kámẹ́rà wá lẹ rò pé ó ń dáàbò bò ó, òun gan-an ló ń gba ọ̀rinrin sára. Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó lè dáadáa, kẹ́ ẹ kó àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ní paríparí rẹ̀, ẹ má ra lẹ́ǹsì lánàá kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó lónìí. Ẹ to ìgò márùn-ún síta, kí ọ̀kan máa wà lẹ́yìn èkejì. Ẹ ṣí ihò tán, ẹ ya ìgò àárín láti bíi mítà kan, kẹ́ ẹ fọ fíìmù náà. Bó bá jẹ́ ìgò àárín ló mọ́ jù, ẹ máa lọ síbi ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ni, ẹ gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì pọ̀ lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Fíìmù kan péré lẹ fi mọ̀, ìyá àgbà ò sì tíì jókòó.