Ṣé Owó Ọkọ̀ Ló Tó Báyìí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí àwọn tó ń ra fóònù tuntun kó pamọ́ kí wọ́n lè tà á ní ọ̀wọ́n gógó. Kí n tó sọ èrò mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi náà ti ṣe é rí.

Ore ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, fóònù Android kan jáde tí gbogbo ọmọ kíláàsì wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì dé Ore rárá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa da owó pọ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo sì ra márùn-ún, ₦185,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tí mo jẹ lọ́nà jẹ́ ₦20,000. Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá kọ ọ́ sórí WhatsApp mi pé: "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. ₦250,000. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín." Ẹni márùn-ún ló ra ẹyọ kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́ mi.

Ẹni kẹrin nínú wọn ni ìyá kan tó ń dáko kòkó lọ́nà Àràrọ̀mí-Obù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ yunifásítì, wọ́n sì ti sọ fún ọmọ náà pé orí fóònù ni àwọn olùkọ́ máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ìyá náà ka owó kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà lé mi lọ́wọ́. Kò bá mi dúnàádúrà, nítorí mo ti sọ fún un pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Irọ́ ni mo pa. Kò sí ẹnì kankan tó ń bọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, fóònù náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ore, ₦178,000, pẹ̀lú rìsíìtì àti wáráǹtì ọdún kan. Ìyá náà rí i níbẹ̀, ó sì wá sílé wa. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó jókòó sórí àga ìyá mi, ó wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ore ló tó báyìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì ìbéèrè yẹn, ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà níbì kan kó lọ tà á níbòmíràn. Òwò àjàpá ti wà kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa. Ore gan-an, òwò ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé. Àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà létí títì níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló gbìn ín. Wọ́n jí lọ sóko, wọ́n rù ú jáde, wọ́n sì jókòó tì í nínú oòrùn. Èlé tí wọ́n bù lé e, owó ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn ni, owó orí tó ru ú, àti owó èyí tó bá jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ta ló máa ní kí wọ́n má jèrè?

Ṣùgbọ́n irú òwò kejì wà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé Ore sì mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ìgbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n. Àwọn kan á ti lọ fi kẹ́ẹ̀gì ra epo lóru. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ilé epo á ní epo ti tán, kẹ́ẹ̀gì á sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo yẹn kan náà, iye rẹ̀ á ti gbẹ́nu sókè. Ẹni yẹn kò gbé epo láti ibi tó wà lọ síbi tí kò sí. Ńṣe ló sọ ibi tó wà di ibi tí kò sí. Ìyàtọ̀ tí mo ń wí nìyẹn. Alájàpá gbé ọjà rìn, ẹnì kejì jókòó lé ọjà lórí.

Èwo lèmi jẹ́ nínú méjèèjì? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo jẹ ₦65,000 lórí fóònù ìyá yẹn. Tí a bá pín ₦20,000 tí mo ná lọ́nà sórí fóònù márùn-ún, ₦4,000 ló kan tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ₦10,000 kún un fún wàhálà mi àti ewu ọ̀nà, nítorí ọ̀nà Ṣàgámù sí Ore kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fọkàn balẹ̀ rìn. Ó ku ₦51,000. Kí ni mo tà fún un ní ₦51,000? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ìkánjú ni mo tà fún un, èmi náà ni mo sì dá ìkánjú ọ̀hún sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ pé ó ku ẹyọ kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń tà á bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí iPhone 4S fẹ́ jáde ní Ṣáínà, àwọn alárọ̀bọ̀ háyà ènìyàn láti lọ tò lóru níwájú ilé ìtajà Apple kan ní Beijing. Èrò pọ̀ débi pé ilé ìtajà náà kò ṣílẹ̀kùn, inú sì bí àwọn kan tí wọ́n fi ń sọ ẹyin lu ilé náà. Ní ọdún 2014, iPhone 6 bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Hong Kong ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, àmọ́ kò dé ọjà Ṣáínà títí di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ gba ẹnubodè, owó gọbọi ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dá lé e. Nígbà tí ọjà pọ̀, iye rẹ̀ wálẹ̀ wọọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó kó o jọ sì káwọ́ lérí. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn. Mẹ́rin náà ni.

Ní tiwa, Apple kò ní ilé ìtajà tirẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Nítorí náà, tí iPhone tuntun bá jáde, ọ̀pọ̀ èyí tó kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ wa ti gba ọwọ́ ẹni méjì sí mẹ́ta kọjá. iPhone 16 bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ $799 ní Amẹ́ríkà, láìka owó orí. Nígbà náà, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦1,600, tó fi jẹ́ pé owó fóònù náà ti di ₦1,278,400 kí alárọ̀bọ̀ kankan tó fọwọ́ kàn án. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún yẹn jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn lè kó owó oṣù méjìdínlógún jọ láìjẹ láìmu, kò tíì ní tó o. Orí irú owó báyìí ni ẹnì kan tún fẹ́ lé ọgọ́rùn-ún méjì tàbí mẹ́ta ẹgbẹ̀rún lé, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ gbé e dé ọgbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé, bí èyí tó tuntun ṣe ń jáde ni ti àná ń wálẹ̀. Nígbà tí Apple kéde iPhone 16, wọ́n yọ $100 kúrò lórí iPhone 15. Ẹni tó kánjú ra iPhone 15 ní iye rẹ̀ àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ti pàdánù owó yẹn, kò sì sí ẹni tó jí i.

Owó àsandà yìí ṣì kéré sí ohun tó ń tẹ̀lé e. Láti orí iPhone 14 tó jáde lọ́dún 2022, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò tí ènìyàn lè ki síìmù bọ̀ mọ́, eSIM nìkan ló ń lò. Ẹni tí kò mọ̀, tó ra á lọ́wọ́ alárọ̀bọ̀ ní Ore, yóò dúró pẹ̀lú síìmù rẹ̀ lọ́wọ́, á máa yí fóònù po. Òmíràn wà tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lókè òkun ti tì pa, tí kò ní gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn àyàfi tí wọ́n bá ṣí i. Wáráǹtì náà kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé fóònù kọjá òkun. Fóònù tí mo tà fún ìyá yẹn, ìlà dúdú kan yọ lójú rẹ̀ kó tó pé oṣù méjì. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú rẹ̀ béèrè rìsíìtì. Mi ò fún un ní rìsíìtì kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ẹni tó ra á kò mutí yó, ta ló fipá mú un?" Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo sì mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ pé òwò fóònù ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Tí irọ́ bá ti wọnú òwò, a kò lè sọ mọ́ pé olùrà fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ká ní mo sọ fún ìyá yẹn pé márùn-ún ló wà nílẹ̀, pé yóò dé Ore láìpẹ́, tó sì ní òun ṣì fẹ́ ẹ ní ₦250,000, owó mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ fún un nìyẹn.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 ní kí òǹtajà fi iye ọjà hàn, kó fún òǹrajà ní ìwé ẹ̀rí pé ó ra ọjà, kó sọ ọ́ tó bá jẹ́ àlòkù, kó má sì fi irọ́ tan ẹnikẹ́ni. Àjọ NCC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú fóònù kan kí wọ́n tó máa tà á ní Nàìjíríà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ máa jèrè yín, àmọ́ ẹ sọ iye tó wà nílẹ̀, ẹ sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, ẹ kọ rìsíìtì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà IMEI rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ tẹ *#06# kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ara páálí. Tí kì í bá ṣe pé fóònù yín ti kú pátápátá, ẹ fún ọjà tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa náà lè ṣe ohun kan tí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀: kí a máa fi iye tí ṣọ́ọ̀bù ń ta fóònù sórí gúrúùpù wa lóṣooṣù, pàápàá ní àsìkò tí àwọn ọmọ tuntun bá ń wọlé. Kí ẹnì kan sì sọ fún àwọn òbí wọn pé fóònù èṣí náà ń ṣí ìwé tí olùkọ́ bá fi ránṣẹ́.

Mo dá ₦30,000 padà fún ìyá náà. Ó kà á, ó dì í sétí aṣọ, ó sì ṣàdúrà fún mi, èyí tó dùn mí ju èébú lọ. Nínú ₦51,000 yẹn, mo ṣì jẹ ẹ́ ní ₦21,000. Àwọn mẹ́rin yòókù, mi ò tíì dá kọ́bọ̀ padà fún wọn. Méjì nínú wọn wà ní kíláàsì wa, wọ́n á sì ka ohun tí mo kọ yìí. Ẹ wá bá mi, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.