Ta Ni Olórí Ilé?

Ẹ̀yin ọmọkùnrin kíláàsì wa, tọ́rọ̀ ìgbéyàwó bá ti délẹ̀, Éfésù 5 ẹsẹ 22 ló máa ń yá yín lẹ́nu: kí aya tẹrí ba fún ọkọ. Ẹ kì í kà á dé ẹsẹ 25, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí ọkọ fẹ́ràn aya bí Kristi ṣe fẹ́ràn ìjọ, tó sì kú fún un.

Jésù tó jẹ́ Olórí, òun náà ló bu omi fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá mi máa ń fọ abọ́ tí màmá mi bá ti ọjà dé. Àwọn ará àdúgbò ní wọ́n ti fún wọn ní nǹkan jẹ. Tẹ́lẹ̀, ojú máa ń tì mí. Ní báyìí, mo mọ̀ pé olórí gidi ni wọ́n.

Ẹ̀yin tíṣà wa, àbí mo purọ́?