Àwọn Orúkọ tí Yunifásítì fi ń Pín Akẹ́kọ̀ọ́ sí Ọ̀wọ́

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá èdè-ìperí ti lọ jìnnà nínú èdè Yorùbá. Láti ọdún 1970, tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, títí dé ọdún 1984, tí ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àmójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, àwọn onímọ̀ ti wá orúkọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ẹnu ọ̀nà wọn gan-an tí ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ kọbi ara sí: àwọn orúkọ tí yunifásítì fi ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sí ọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ipò tí wọ́n kọ síwájú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pinnu iye kọ́ọ̀sì tí ó lè gbà àti ìgbà tí yóò jáde. Òun náà ni ó ń pinnu bóyá wọn yóò pè é sí ètò àgùnbánirọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé tí ń sọ ipò yìí. Bí òbí kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí Yorùbá kò bá ní ìperí tí ó ṣe déédéé, ọmọ yóò sọ èyí tí ó wù ú, òbí yóò sì gbọ́ èyí tí ó lè gbọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó pa pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí ìperí yà wọ́n sọ́tọ̀. Báwo ni ẹrù ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ṣe wúwo tó? Ibo ni ó dé? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níbi tí ó dé?

Ní ti ẹrù ẹ̀kọ́, ìlànà àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún gba ẹyọ 15 ó kéré tán, kí ó má sì kọjá ẹyọ 24 ní sáà kan. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí ó ń wá gbẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbé e, ọdún rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, tí wọ́n bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní 'alákòókò-díẹ̀', orúkọ tako ohun tí ó ń jẹ́: ẹni tí ó lo ọdún mẹ́fà fún oyè tí ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́rin gbà ni àkókò rẹ̀ wá di díẹ̀! Iṣẹ́ sáà kan ni ó dín kù, àkókò kò dín kù. 'Akẹ́kọ̀ọ́ apínkọ́' bá a mu jù, nítorí ó ń pín ẹ̀kọ́ kọ́ bí àgbẹ̀ ti ń pín oko ro.

Ní ti ibi tí ó dé, 'ọdún' àti 'ìpele' kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́ta lè wà ní ìpele 200. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, iye kíréditì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kó jọ ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iye ọdún tí ó ti lò. Kí 'ọdún' máa ka ìgbà, kí 'ìpele' sì máa ka ìtẹ̀síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ìdúró akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìpíndọ́gba àpapọ̀ máàkì akẹ́kọ̀ọ́, lórí òṣùwọ̀n 5.00, bá wálẹ̀ ju 1.00 lọ ní àwọn yunifásítì kan, tàbí 1.50 ní òmíràn, yóò wọ ọdún 'probation'. Bí kò bá gòkè kí ọdún náà tó parí, yóò fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni ilé-ẹjọ́ ń lò fún ọ̀daràn. Nítorí náà, bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'abẹ́-ìṣọ́', wọ́n sọ ẹni tí kò mọ̀wé tó di ẹni tí ó jalè. Bí wọ́n bá sì pè é ní 'ìdánwò', kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá gbọ̀ngàn ni ọmọ wọ̀ tàbí ìpọ́njú. 'Sáà ìmúbọ̀sípò' dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ewu pamọ́. 'Sáà ìkìlọ̀' ni ó sọ òtítọ́ méjèèjì: ewu ń bọ̀, àyè sì wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 'spill-over', ìyẹn ẹni tí kò parí ní iye ọdún tí ó yẹ. Àwòrán omi tí ó kún dà sílẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì lò. Lójú Yorùbá, omi tí ó ti dà sílẹ̀ kò ṣe é kó mọ́. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò dànù. Ọdún ni ó fi kún ọdún. Kí ó máa jẹ́ 'akẹ́kọ̀ọ́ aláfikún-ọdún'. Kọ́ọ̀sì tí ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tí yóò tún forúkọ sílẹ̀ fún, 'kọ́ọ̀sì àtúnkọ́' ni, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ 'ìdánwò àtúnṣe', tí kò béèrè ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

'Ìdádúró' pàápàá ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí àìsàn mú kí ó tọrọ àyè àti ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nítorí ìwà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lè bo àwọn méjèèjì. 'Ìsinmi-ẹ̀kọ́' yẹ ẹni àkọ́kọ́. Kí 'ìdádúró' kù fún ẹnì kejì. Ẹni tí máàkì mú kúrò, 'ìyọkúrò' ni tirẹ̀. 'Ìléjáde' yẹ kí ó wà fún ẹni tí ìwà rẹ̀ lé kúrò.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì ń sọ, pé kí ni ó kàn Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ilé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ, ilé ni owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń wá. Ilé ni Yorùbá ń wò kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè wo ilé kan náà kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀.