Ta Ni Yóò Tún Ọgbà Ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oko ẹran kan máa pé, kó má wulẹ̀ ka orí ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀. Kó bi olóko léèrè ìgbà tó rìn yí ọgbà rẹ̀ po gbẹ̀yìn, kó sì máa wo ojú rẹ̀. Bó bá ní òun ò rántí, owó ti ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, níbi tí ẹni tó bá gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó kòkó ti lè rò pé òun yóò ra ewúrẹ́ díẹ̀, òun yóò fi wáyà yí wọn ká, ó tán. Iye wáyà ni gbogbo ayé máa ń ṣírò. Àtúnṣe rẹ̀ kì í sí nínú ìwé.

Wáyà yìí, irin ni, síńkì ni wọ́n kàn fi bò ó lára. Òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á kọ́kọ́ jẹ síńkì yẹn, ìgbà tó bá jẹ ẹ́ tán ló máa kan irin. Ìdí nìyí tí èyí tí síńkì rẹ̀ nípọn fi ń pẹ́ ju èyí tí tirẹ̀ fẹ́lẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà wọ́n, dídán kan náà ni àwọn méjèèjì ń dán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná igbó tó mú bá gba abẹ́ ọgbà kọjá, wáyà lè má já, olóko á sì dúpẹ́. Kò mọ̀ pé síńkì ti bá iná lọ, àti pé òjò tó ń bọ̀ ni yóò jẹ́ kó dógùn-ún.

Ti òpó tún yàtọ̀. Ibi tí igi ti fara kan ilẹ̀ ni ikán àti ọ̀rinrin ti máa ń pàdé. Lókè, òpó tíìkì ṣì le, nísàlẹ̀ ó ti di ìyẹ̀fun. Èyí tó wà ní orígun ló léwu jù, torí òun ni gbogbo wáyà ń fà. Bó bá fì díẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ wáyà tó wà ní ìhà méjèèjì ló máa dẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa fi pínsà lọ́ wáyà láàárín, á máa fà á le lọ́sẹ̀ yìí, á tún máa fà á le lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò mọ̀ pé orígun ló ń ṣàìsàn.

Igbó ni olórí ọ̀tá. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, ó dá lórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá oníkálukú ṣe, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọgbà mọ́ ju oṣù díẹ̀ lọ. Ìtàkùn á gun wáyà, òjò á rin ìtàkùn, ẹrù á wọ òpó lọ́rùn, ẹ̀ka igi kan á wá já lu gbogbo rẹ̀ nínú ìjì. Ewúrẹ́ náà ò ní kánjú. Ojoojúmọ́ ló ń fi orí gbún ọgbà, tó ń fẹsẹ̀ gun wáyà oníhò, títí yóò fi rí ibi tó dẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá màlúù dúró, ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìfara họ.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro yìí tó gba owó ńlá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àdá láti fi ṣán ẹsẹ̀ ọgbà, pínsà, ìwọ̀nba wáyà, ìṣó, ọwọ́ ènìyàn méjì. Ohun tó gbà ni kí ẹnì kan rìn yí i po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tó mọ ohun tí òun ń wò. Lọ sí báǹkì pé o fẹ́ yá owó ra wáyà, wọ́n lè dá ọ lóhùn. Sọ fún wọn pé o fẹ́ owó tí wàá máa san fún ẹni tí yóò máa yẹ wáyà wò fún ọdún márùn-ún, kí o wá wo bí wọn yóò ṣe wò ọ́.

Àwọn baba wa tó ṣe òṣómàáló kò ní rí ohun tuntun nínú èyí. Ẹni tó gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn ní ìlú òkèèrè kò tíì jèrè kankan. Àfi kó padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kó gba díẹ̀, kó tún padà lọ. Àpadàlọ yẹn ni òwò. Ẹni tí kò bá lè rìn ín, aṣọ rẹ̀ ti di ọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Hẹ́kítà ilẹ̀ kan tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba gba 400 mítà ọgbà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ wáyà mẹ́rin, 1,600 mítà wáyà nìyẹn; bí a bá sì ń ri òpó ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, òpó náà yóò lé ní 130. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà mẹ́rin kò gba ìlọ́po mẹ́rin, 800 mítà ló gbà. Hẹ́kítà 16 gba 1,600. Olóko kékeré ń ṣe 400 mítà ọgbà lórí hẹ́kítà kan, olóko ńlá ń ṣe 100. Ewúrẹ́ kan ò tíì bí, olówó ti ń jèrè.

Ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sì í ní ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba. Baba kú, wọ́n pín oko rẹ̀ ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ fún un, bí ilé-ẹjọ́ ṣe fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fẹ́ kan ọ̀nà, ó sì fẹ́ kan odò, ni ilẹ̀ bá di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Hẹ́kítà kan tó fẹ̀ ní 20 mítà, tó gùn ní 500, yóò gba 1,040 mítà ọgbà, ó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó pààlà bá ṣe ọgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì yóò tún 2,080 mítà ṣe títí ayé. Bí wọ́n bá ká ilẹ̀ méjèèjì sínú ọgbà kan, 1,080 mítà ni. Ìjà àwọn ìyá wọn ni 1,000 mítà tó kù. Mi ò mọ báǹkì tó ń gba èlé tó tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó mọ ìtàn Òṣogbo yóò rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà ìjọba Shagari, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ irin síbẹ̀, ọ̀kan ní Jos, ọ̀kan ní Katsina. Ètò náà ni pé Ajaokuta àti Aladja yóò máa yọ́ irin, Òṣogbo yóò máa sọ ọ́ di ọ̀pá. Ajaokuta kò yọ́ irin kankan ránṣẹ́, Òṣogbo náà sì dákẹ́. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí púpọ̀ nínú wáyà tí à ń rà lọ́jà Atákúmọ̀sà fi gba èbúté wọlé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí iye rẹ̀ sì ń tẹ̀lé dọ́là. Kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500.

Gbogbo ènìyàn kígbe nígbà náà pé iṣẹ́ oko ẹran ti kú. Èmi rò pé wọ́n wo ibi tí kò yẹ. Wáyà ń jẹ dọ́là, ọwọ́ tó ń tún un ṣe ń jẹ náírà. Bí náírà ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ni àtúnṣe ń pé sí i, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ kan lè gba wáyà tí ẹnikẹ́ni ò lè rà mọ́ là. Ọgbà àtijọ́ tó ń dógùn-ún nínú igbó Ìpetu di ohun ìní olówó iyebíye láàárín ọdún kan, àwọn tó ni ín ò sì mọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó ra tuntun, kó rántí pé Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá 2024, báǹkì tó wà ní ìgboro yóò sì fi tirẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí wọn kì í fi í tún un ṣe nígbà náà? Nítorí pé ẹni tó ni ihò kọ́ ló ń jìyà ihò. Ẹ̀gẹ́ aládùúgbò ló ń jìyà rẹ̀.

Ní 1960, Ronald Coase, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, mú darandaran kan àti àgbẹ̀ kan tí kò sí ọgbà láàárín wọn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní kí ọgbà máa náni ní dọ́là 9 lọ́dún, kí tọ́ọ̀nù irè oko kan jẹ́ dọ́là 1. Màlúù kan ba tọ́ọ̀nù 1 jẹ́, méjì ba 3 jẹ́, mẹ́ta ba 6 jẹ́, mẹ́rin ba 10 jẹ́. Kí màlúù tó pé mẹ́rin, ó sàn kí wọ́n san owó gbà-má-bínú ju kí wọ́n ṣe ọgbà lọ. Ó wá fi kún un pé bí ìjíròrò kò bá ná àwọn méjèèjì ní nǹkan kan, ẹni yòówù kí òfin dá lẹ́bi, ibì kan náà ni wọn yóò parí rẹ̀ sí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1991.

Coase fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìjíròrò máa ń náni lówó, àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ló máa ń gbàgbé. Ní Ìpetu, òru ni ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ò sì ní ìwé ìdánimọ̀. Kí o so ó mọ́lẹ̀ títí olówó rẹ̀ yóò fi wá, ìjà ni. Kí o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, owó ọkọ̀ àti owó ìwé yóò ju owó ẹ̀gẹ́ lọ. Kí o lọ sí ààfin Àjàlayé, wọn yóò là yín níjà, ẹ ó jọ jẹ obì, ihò náà yóò sì ṣì wà nínú ọgbà.

Texas ti rí irú ìjà ọgbà bẹ́ẹ̀. Joseph Glidden gba ìwé ẹ̀tọ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún ní 1874. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn tó ń da ẹran kiri ń gé wáyà lóru nítorí pé wọ́n ti odò àti ọ̀nà mọ́ wọn. Ní 1884 àwọn aṣòfin sọ gígé wáyà di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbéni lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ṣe ọgbà dí ọ̀nà ìlú ṣe ilẹ̀kùn sí i ní máìlì mẹ́ta-mẹ́ta. Àwa náà ti ṣòfin lórí dída ẹran kiri: Èkìtì ní 2016, Oǹdó ní oṣù Kẹjọ 2021. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní oṣù Keje 2024, ó sì wá fún un ní mínísítà tirẹ̀. Àríyànjiyàn tí mo ń gbọ́ lórí gbogbo wọn ni ta ni kó kúrò àti hẹ́kítà mélòó ni kí wọ́n gbà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lórí owó pínsà. Ẹni tó bá rin inú oko ìtẹ̀dó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè láyé Akin Deko tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ mọ bí ohun tí ìjọba kọ́ ṣe ń rí nígbà tí kò bá sí owó ìtọ́jú.

Àwọn kan yóò ní ká fi igi tútù rọ́pò òpó. Ó dára. Àgúnmánìyè tí a bá gé ní ọ̀pá, tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Ikán kì í fẹ́ igi tútù bó ṣe fẹ́ gbígbẹ, ewúrẹ́ á sì jẹ ewé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ILCA, àjọ tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n igi á gbé wáyà mì, ẹ̀ka rẹ̀ á fẹ́ gígé, ewúrẹ́ á sì bó èèpo rẹ̀ bó bá ṣì kéré. Owó ríra dín kù, owó ọwọ́ pọ̀ sí i. Ó tún di náírà, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tí mo rò pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìpetu lè ṣe kò le. Olóko mẹ́wàá tí ọgbà wọn jẹ́ 400 mítà, kìlómítà mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tó mọṣẹ́ lè rìn ín kí oòrùn tó gun òkè, wáyà léjìká, pínsà lọ́wọ́, kó dí ihò tó bá rí, kó kọ òpó tó ń kú sílẹ̀. Kí oníkálukú máa yọ owó rẹ̀ nínú ẹran tó bá tà, kí akápò ẹgbẹ́ máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i yá fi ṣe ìnáwó òkú. Wọn yóò jà. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ kan igbó yóò ní tòun ń bàjẹ́ jù, ẹni tí tirẹ̀ kan ọ̀nà yóò ní òun ò lè sanwó fún igbó ẹlòmíràn. Kí wọ́n jà á níbi ìpàdé, lójú mọmọ, kí ẹ̀gẹ́ tó hù.